BÍ A BÁ FURA SÍ OMI Ẹ̀RỌ: OHUN TÍ Ó YẸ KÍ Á ṢE NÍNÚ ILÉ

Ọ̀rọ̀ owó ni a sábà máa ń bá yín sọ nínú ìwé ìròyìn yìí: bí a ṣe ń kọ ìwé owó, bí a ṣe ń yáni lówó, bí a ṣe ń pín èrè. Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ omi ni a gbé wá. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé a ti yà kúrò lójú ọ̀nà. Àwa tí a ń kiri ẹgbẹ́ láti yẹ ìwé wò mọ̀ pé nínú ìwé ẹ̀yáwó, níbi tí a ń kọ ìdí tí ọmọ ẹgbẹ́ fi yá owó sí, “ìtọ́jú aláìsàn” kì í wọ́n níbẹ̀. Owó tí èèyàn fi oṣù 10 kó jọ, ìgbẹ́ gbuuru ọmọ kan ṣoṣo lè kó o lọ láàrin ọjọ́ 3. Inú ife omi sì ni púpọ̀ nínú irú àìsàn bẹ́ẹ̀ ti ń wá.

Ọ̀rọ̀ ohun mímọ́ kì í ṣe àjèjì nínú iṣẹ́ alájẹṣẹ́kù. Nígbà tí àwọn aṣáájú wa ṣí ilé ìtajà wọn ní ìlú Rochdale ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní oṣù Kejìlá ọdún 1844, àbùlà pọ̀ nínú oúnjẹ tí àwọn oníṣòwò ń tà fún àwọn tálákà. Ohun tí kò lábùlà ni àwọn aṣáájú wa tà, òṣùwọ̀n wọn sì pé. Bí a bá ń wá ìyẹ̀fun tí kò lábùlà, mélòó-mélòó ni omi tí gbogbo ilé ń mu!

IBI TÍ ÌDỌ̀TÍ TI Ń WỌ INÚ OMI

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé bí omi bá ti ti ẹnu ẹ̀rọ jáde, ó ti mọ́ tán. Òótọ́ ni pé wọ́n ń ṣe iṣẹ́ púpọ̀ sí i kí ó tó kúrò ní ilé iṣẹ́ omi. Ẹ jẹ́ kí a fi Ìbàdàn ṣe àpẹẹrẹ. Láti odò tí a sé ní Ẹlẹ́yẹlé ní 1942, àti láti odò Ọ̀ṣun tí a sé ní Asejire, tí omi ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí ṣàn wọ ìlú ní 1972, ni a ti ń fa omi. Wọ́n á po álọ́ọ̀mù mọ́ ọn kí ẹrẹ̀ lè lọ sí ìsàlẹ̀, kí omi sì tòrò. Wọ́n á sẹ́ ẹ gba inú iyanrìn. Wọ́n á wá fi kílóríìnì sí i láti pa kòkòrò àìfojúrí tí ó bá kù. Kílóríìnì díẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣẹ́ kù nínú omi náà títí yóò fi dé ilé oníbàárà, nítorí òun ni ọlọ́dẹ tí ń ṣọ́ omi lójú ọ̀nà.

Ojú ọ̀nà yìí gan-an ni wàhálà wà. Nígbà tí omi bá ń fi agbára ṣàn nínú páìpù, agbára náà ní ń lé ìdọ̀tí sẹ́yìn. Bí páìpù bá tilẹ̀ lu, omi ni yóò máa tú jáde, ìdọ̀tí kò ní ráyè wọlé. Ṣùgbọ́n bí iná mànàmáná bá lọ, tí ẹ̀rọ tí ń ti omi bá dákẹ́, inú páìpù yóò ṣófo. Nígbà náà ni ihò tí omi ti ń jáde yóò di ẹnu tí ń fa ohun tí ó yí i ká. Bí ọmọdé ti ń fi sítúrọ́ọ̀ fa ọtí ẹlẹ́rìndòdò nínú ìgò, bẹ́ẹ̀ ni páìpù tó lu yóò máa fa omi gọ́tà. Nígbà tí omi bá tún dé ní ọjọ́ kẹta, ohun tí páìpù fà mu ni yóò kọ́kọ́ pọ̀ jáde fún wa.

Ẹ wo àdúgbò yín dáadáa. Ẹ ó rí i pé páìpù tó lọ sí ọ̀pọ̀ ilé, inú gọ́tà ni ó gbà kọjá, nítorí pé ọ̀nà ibẹ̀ ni ó yá jù, tí ó sì dínwó jù. Òmíràn gba ẹ̀gbẹ́ ṣáláńgá. Àwọn kan tún wà tí wọ́n so ẹ̀rọ afami mọ́ páìpù ìjọba tààrà, kí omi lè yá dé ọ̀dọ̀ wọn. Bí ẹ̀rọ náà ti ń fa omi, ó ń fa ìdọ̀tí láti inú gbogbo ihò tó wà lójú ọ̀nà, fún onílé àti fún gbogbo aládùúgbò rẹ̀.

Ìkún omi náà ń dá kún un. Nígbà tí odò Ògùnpa kún ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, àti nígbà tí ìkún omi tún ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, kì í ṣe ilé àti afárá nìkan ni omi bàjẹ́. Bí àgbàrá bá bo kànga, ṣáláńgá àti páìpù mọ́lẹ̀, ohun gbogbo ti dàpọ̀ mọ́ra nìyẹn.

BÍ A ṢE LÈ MỌ̀

Ó yẹ kí á fura nígbà tí a bá rí ọ̀kan nínú nǹkan wọ̀nyí:

Èkíní, bí omi bá yí àwọ̀ padà, tí ó ń rùn, tàbí tí nǹkan ń léfòó nínú rẹ̀. Èkejì, bí omi bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lẹ́yìn tí ó ti lọ fún ọjọ́ mélòó kan. Ẹ̀kẹta, bí páìpù bá bẹ́ ládùúgbò, tàbí bí àwọn tí ń gbẹ́ ọ̀nà bá gé e. Ẹ̀kẹrin, lẹ́yìn ìkún omi. Ẹ̀karùn-ún, bí ìgbẹ́ gbuuru bá ń ṣe èèyàn méjì, mẹ́ta, ní ojúlé kan náà. Ẹ̀kẹfà, bí ìjọba bá kéde rẹ̀ lórí rédíò.

Ṣùgbọ́n kí a má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé ojú. Omi lè tòrò bíi dígí kí àrùn sì wà nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé, “Mo mu ún lánàá, kò sì ṣe mí ní nǹkan kan.” Àrùn onígbáméjì lè farahàn láàrin wákàtí 12, ó sì lè tó ọjọ́ 5. Ibà táífọ́ọ̀dù lè pẹ́ tó ọ̀sẹ̀ kan, méjì, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó tó gbé èèyàn dè. Nígbà náà, ẹni tó ń ṣàìsàn ti gbàgbé ife omi tí ó mu.

OHUN TÍ ÀÌBÌKÍTÀ TI DÁ SÍLẸ̀

Onígbáméjì tó gbòde ní ìgbà tiwa yìí bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Indonesia ní 1961. Ní 1970 ni ó wọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí ó sì dé orílẹ̀-èdè wa. Ní 1991, àwọn tí a kọ orúkọ wọn sílẹ̀ pé ó kọlù ní Nàìjíríà jẹ́ 59,478. Àwọn tó kú nínú wọn jẹ́ 7,654. Ní 2021, àwọn tí a fura pé ó mú lé ní 111,000, àwọn tó kú sì jẹ́ 3,604.

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan ni irú èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2000, ní ìlú kékeré kan tí ń jẹ́ Walkerton ní ilẹ̀ Kánádà, òjò ńlá gbé ìgbẹ́ màlúù wọ inú kànga tí ìlú ń fa omi láti inú rẹ̀. Èèyàn 7 kú, àwọn tó ṣàìsàn sì lé ní 2,000, nínú ìlú tí èèyàn ibẹ̀ kò ju nǹkan bí 5,000 lọ. Nígbà tí wọ́n wádìí ọ̀rọ̀ náà, wọ́n rí i pé àwọn tó ń ṣe ìtọ́jú omi kò wọn kílóríìnì bí ó ti yẹ, àmọ́ wọ́n ń kọ iye tí kò jóòótọ́ sínú ìwé lójoojúmọ́ bí ẹni pé wọ́n wọ̀n ọ́n. Ẹ̀yin akọ̀wé àti akápò wa, ẹ gbọ́ o! Ìwé tí a kọ irọ́ sí lè dà bí ìwé tó pé lójú ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò, ṣùgbọ́n òtítọ́ yóò jáde lára èèyàn.

OHUN TÍ A Ó ṢE SÍ OMI

Ọ̀nà kìíní ni kí a sè é. Kò sí èyí tó dájú jù ú lọ fún kòkòrò àìfojúrí. Bí omi bá rú, kí a kọ́kọ́ fi aṣọ funfun tó mọ́ sẹ́ ẹ, tàbí kí a jẹ́ kí ó tòrò, kí a sì rọra da òkè rẹ̀ sínú ìkòkò. Kí a gbé e kaná títí yóò fi hó yaya, kí a jẹ́ kí ó hó bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú 1 gbáko, kí a wá sọ̀ ọ́. Kì í ṣe ìgbà tí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí rú èéfín ni ó ti hó. Kí a bò ó títí yóò fi tutù, kí a má ṣe fi omi tútù mìíràn là á.

A mọ̀ pé gáàsì wọ́n, èédú náà sì wọ́n. Nítorí náà, kí a má ṣe sè gbogbo omi inú ilé. Omi tí yóò wọ ẹnu nìkan ni kí a sè. Bí a bá fi líta 2 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lóòjọ́, ilé ẹlẹ́ni 6 yóò nílò líta 12 fún mímu. Omi ọbẹ̀ àti omi àmàlà kò sí lára èyí, nítorí pé wọn yóò hó lórí iná.

Ọ̀nà kejì ni bílíìṣì tí a fi ń fọ aṣọ funfun. Kí ó jẹ́ èyí tí kò ní òórùn dídùn, tí kò ní àwọ̀, tí a kò sì po ọṣẹ mọ́. Ẹ ka ara ike rẹ̀. Bí a bá kọ ìlànà ìfisómi síbẹ̀, òun ni kí ẹ tẹ̀ lé. Bí kò bá sí, ẹ wo bí agbára rẹ̀ ti tó. Bí agbára rẹ̀ bá jẹ́ 5 nínú 100 tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀kán 2 ni fún líta 1. Bí ó bá jẹ́ 3.5 nínú 100, ẹ̀kán 3 ni fún líta 1. Fún kẹ́ẹ̀gì líta 20, èyí jẹ́ ẹ̀kán 40 fún àkọ́kọ́, àti ẹ̀kán 60 fún èkejì, èyí tí ó fi díẹ̀ lé ní ìdajì ṣíbí ìpotíì. Kí a rò ó pọ̀ dáadáa, kí a bò ó, kí a sì fi í sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ó yẹ kí òórùn kílóríìnì rọra máa jáde lára omi náà; bí kò bá rùn rárá, kí a fi iye kan náà sí i lẹ́ẹ̀kan sí i, kí a tún dúró fún ìṣẹ́jú 15. Bí omi bá rú díẹ̀ lẹ́yìn tí a ti sẹ́ ẹ, kí a sọ iye ẹ̀kán náà di ìlọ́po méjì. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ojú wọ̀n ọ́n, kí a sì gbé ike rẹ̀ jìnnà sí ọmọdé. Bílíìṣì tó ti pẹ́ ju ọdún kan lọ nílé ti ń pàdánù agbára rẹ̀.

Ọ̀nà kẹta ni oòrùn, fún ẹni tí kò ní epo tí kò sì ní bílíìṣì. Kí a bu omi tó tòrò sínú ìgò oníke funfun tí kò ju líta 2 lọ, kí a dé e, kí a sì tẹ́ ẹ sí orí páànù nínú oòrùn gangan fún wákàtí 6. Bí ojú ọjọ́ bá ṣú, kí ó wà níbẹ̀ fún ọjọ́ 2. Ní àkókò tí òjò ń rọ̀ lójoojúmọ́, kí a má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé ọ̀nà yìí.

OHUN TÍ KÒ TÓ

Álọ́ọ̀mù ń jẹ́ kí omi tòrò, kò pa kòkòrò tán. Fíríìjì kò pa á. Yìnyín tí a fi omi burúkú ṣe, omi burúkú náà ni. Àmù ń mú omi tutù, kò wo omi sàn.

Àwọn àgbà yóò rántí àrùn sòbìà. Ní 1988, àwọn tí a kà pé ó ń ṣe ní Nàìjíríà lé ní 600,000. Aṣọ ìsẹ́mi wà lára ohun tí a fi ṣẹ́gun rẹ̀, títí a fi rí aláìsàn rẹ̀ ìkẹyìn ní 2008, tí Àjọ Ìlera Àgbáyé sì kéde ní 2013 pé ó ti tán ní ilẹ̀ wa. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi gbà pé aṣọ tó fún ohun gbogbo. Ṣùgbọ́n kòkòrò omi tí ń gbé sòbìà tóbi tó kí aṣọ dá a dúró. Kòkòrò táífọ́ọ̀dù kéré jù ú lọ fíìfíì, yóò gba ojú aṣọ kọjá. Sísẹ́ omi dára, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni.

Ohun kan tún wà tí iná kò lè ṣe. Bí omi bá ń rùn bíi karosíìnì, bẹntiróòlù tàbí oògùn apakòkòrò, kí a má ṣe sè é, kí a má sì fi bílíìṣì sí i. Sísè kò lè mú oró inú rẹ̀ kúrò. Bí omi bá sì ti ń gbẹ, ńṣe ni oró tó kù yóò máa ki sí i. Irú omi yìí, kí a má mu ún, kí a má fi dáná. Kí a wá omi mìíràn, kí a sì fi tó ilé iṣẹ́ omi létí.

IBI TÍ OMI FARA PAMỌ́ SÍ

Ọ̀pọ̀ ìyàwó ilé yóò se omi mímu dáadáa, àrùn yóò sì gba ẹ̀yìn wọlé. Gàrí tí a fi omi tútù mu, omi tútù ni a mu. Omi tí a ń wọ́n sí iyán lórí odó, kò hó mọ́ lẹ́yìn náà. Omi tí a fi rẹ àgbo, omi tí a fi lo oògùn, omi tí a fi po wàrà ọmọ, omi tí a fi fọ ẹyín, omi tí a fi fọ ọsàn, tòmátì tàbí ewébẹ̀ tí a ó jẹ ní tútù, yìnyín tí a fi sínú sóbò: gbogbo wọn ni ó yẹ kí ó jẹ́ omi sísè tàbí omi tí a ti fi bílíìṣì sí. Nígbà tí a bá ń wẹ ọmọ, kí a ṣọ́ra kí ó má gbé omi mì. Fún aṣọ fífọ̀ àti ilé fífọ̀, omi ẹ̀rọ lásán tó.

Bí ẹ bá fẹ́ ra omi inú ọ̀rá, ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC lára rẹ̀, kí ẹ sì nu ara ọ̀rá náà kí ẹ tó fi eyín ya á.

Omi tó ti mọ́ tún lè bàjẹ́ nílé. Kẹ́ẹ̀gì tí ẹnu rẹ̀ há, tó sì ní ìdérí, sàn ju garawa lọ, nítorí pé ọwọ́ kò lè wọ ibẹ̀. Bí ó bá jẹ́ àmù tàbí dúrọ́ọ̀mù ni, kí a ní ife ọlọ́wọ́ gígùn kan tí a fi ń bù ú, kí a má ṣe gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Abọ́ omi ìfọwọ́ kan ṣoṣo tí àwọn àlejò 10 ń ki ọwọ́ bọ̀ ní òde ayẹyẹ, ẹ jẹ́ kí a fi í sílẹ̀. Kí ọmọdé kan máa da omi sí wọn lọ́wọ́, kí ọṣẹ sì wà níbẹ̀.

BÍ ÌGBẸ́ GBUURU BÁ TI BẸ̀RẸ̀

Onígbáméjì lè pa èèyàn láàrin wákàtí díẹ̀, nítorí pé omi ara ni ó ń fà tán. Ṣùgbọ́n bí ìtọ́jú bá tètè dé, kì í tó ẹnì 1 nínú 100 tí ó ń kú. Kí a tètè fún aláìsàn ní omi iyọ̀ òun ṣúgà. Bí a bá ní èyí tó wà nínú àpò láti ilé oògùn, kí a ka ara rẹ̀ láti mọ iye omi tí a ó fi pò ó. Bí kò bá sí, kí a bu omi tó mọ́ líta 1, kí a fi ṣúgà ṣíbí ìpotíì 6 sí i, àti iyọ̀ ìdajì ṣíbí ìpotíì. Kí a gé orí ṣíbí dọ́gba. Iyọ̀ tó pọ̀ jù léwu. Kí ó máa mu ún díẹ̀díẹ̀, lemọ́lemọ́, bí ó tilẹ̀ ń bì. Kí ọmọ ọmú máa mu ọmú lọ. Bí ìgbẹ́ náà bá dà bí omi ìrẹsì, tí ojú bá jìn, tàbí tí aláìsàn kò tọ̀ mọ́, ilé ìwòsàn ni ó kàn. Ẹ máa fún un ní omi náà lójú ọ̀nà títí ẹ ó fi débẹ̀.

OHUN TÍ ẸGBẸ́ LÈ ṢE

Ìlànà keje tí gbogbo ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù lágbàáyé fọwọ́ sí ní 1995 ni pé kí ẹgbẹ́ máa ṣe ìtọ́jú àdúgbò rẹ̀. A rọ ìgbìmọ̀ ìṣàkóso kọ̀ọ̀kan láti gbé nǹkan wọ̀nyí yẹ̀ wò ní ìpàdé tó ń bọ̀:

1. Kí ẹgbẹ́ ra bílíìṣì tó dára àti kẹ́ẹ̀gì onídèérí lápapọ̀, kí ó sì tà á fún ọmọ ẹgbẹ́ ní iye tí a rà á.

2. Kí a yan ẹnì kan ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan tí yóò máa kọ ọjọ́ tí omi lọ, ọjọ́ tí ó dé, àwọ̀ rẹ̀, àti ibi tí páìpù ti bẹ́. Kí akọ̀wé fi í ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ omi lórí ìwé ẹgbẹ́. Ohùn ẹnì kan lè má dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́tà tí èèyàn 60 fọwọ́ sí ṣòro láti gbé tì.

3. Kí a ya owó díẹ̀ sọ́tọ̀ fún ẹ̀yáwó kékeré, kí ọmọ ẹgbẹ́ lè fi gbé páìpù rẹ̀ kúrò nínú gọ́tà, tàbí kí ó fi ra ìdérí fún táńkì àti kànga rẹ̀. Ẹ̀yáwó tí ń dènà ẹ̀yáwó mìíràn ni èyí.

4. Kí omi tí a ń gbé kalẹ̀ ní ìpàdé wa jẹ́ èyí tí a mọ bí a ṣe tọ́jú rẹ̀.

Nígbà tí ìjọba bá sì kéde pé omi ti dára, kí a ṣí gbogbo ẹnu ẹ̀rọ sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan kí omi àná lè jáde, kí a da yìnyín àtijọ́ nù, kí a sì fọ táńkì àti àmù kí a tó tún pọn omi sí i.

Àwọn àgbà ní ẹni tó da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ẹ jẹ́ kí omi tí a ó dà síwájú jẹ́ omi tó mọ́. Bí olúkúlùkù bá tọ́jú ti ilé rẹ̀, tí ẹgbẹ́ sì tọ́jú ti àdúgbò, owó tí a ń dá lóṣooṣù yóò lè ṣe ohun tí a torí rẹ̀ dá a: ilé, ọjà, àti ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wa. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.